Ẹ̀kán Omi Nínú Balùwẹ̀ Wa

Omi ilé wa máa ń rùn bí irin. Ẹni tó bá dàgbà ní Festac mọ òórùn tí mò ń sọ: bí òórùn ìṣó tí òjò ti pa, tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kí omi fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi náà á pupa díẹ̀, bíi tíì tí wọn kò tíì da mílíìkì sí. Mọ́mì wa á pọn ọ́n sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kàn án. "Ẹ má fi omi ṣeré nílé yìí o." Ọ̀rọ̀ yìí la fi ń jí, òun náà la fi ń sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo dúró ní kíṣìnnì, mo ń ro ògì lórí sítóòfù. Wáṣà, ìyẹn rọ́bà inú ẹ̀rọ omi wa, ti jẹ. Omi kì í dá lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, ó kàn ń kán, tó, tó, tó, sínú ìkòkò tí a gbé sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣòfò. Oòrùn gba àárín gíláàsì fèrèsé wọlé, ó sì balẹ̀ sórí omi inú ìkòkò yẹn gan-an. Ẹ̀kán kan jábọ́. Mo rí i pé nǹkan kan fò sókè láti inú omi, nǹkan tó ń dán, ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ pé báyìí ló rí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tẹrí ba. Òmíràn jábọ́. Ohun náà tún fò sókè, ó tún pòórá. Mo gbé ojú sún mọ́ ọn títí omi fi ń ta sí mi nímú.

"Ìbùkún, ṣé inú ìkòkò yẹn ni ògì wà ni?"

Mọ́mì ti dúró lẹ́yìn mi. Ògì orí iná ti so kókó.

"Mọ́mì, kí ni omi máa ń ṣe tó bá ti jábọ́ tán?"

"Ó máa ń dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí. Ro ògì."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Yéwándé, tó ti wà ní girama nígbà náà, ó ní kí n lọ bi omi. Mo bi tíṣà wa ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò ṣeé wádìí. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù nílé wa tí n kò tíì bi ni Dádì, n kò sì mọ bí a ṣe ń bi wọ́n ní nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Dádì jẹ́ sí wa nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, bíi ti ọ̀pọ̀ bàbá tó wà ní àdúgbò wa. Nígbà tí ọ́fíìsì wọn kó lọ sí Àbújá, wọ́n bá iṣẹ́ lọ, wọ́n fi Mọ́mì àti Àǹtí Yéwándé sílẹ̀ ní Festac, nítorí pé Mọ́mì ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kuje Àmùwò nítòsí wa. Wọn ò tíì bí mi rárá. Gbogbo bí mo ṣe ń dàgbà, àlejò ìparí oṣù ni Dádì. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mile 2, wọ́n á gbé iṣu àti ẹ̀pà wọlé, Mọ́mì á kó àwo olódòdó jáde, àwa ọmọ á jókòó bí ẹni tó wà nínú ìsìn. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n á padà, ara gbogbo ilé á sì dẹ̀.

Ọdún tí mo wà ní Práímárì Fáìfù ni wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kó ẹrù wọn dé pátápátá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, irú wàhálà tí kì í pariwo. Ilé kò mọ ibi tí yóò fi wọ́n sí. Kò sí àga kan ní pálọ̀ tí kò ní ẹni tó ń jókòó sí i. Bí Dádì bá jókòó, ẹnì kan á dìde. Páálí ẹrù wọn wà ní kọ́ńrídọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kàn ń yẹ̀ ẹ́ kọjá ni. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n á béèrè ibi tí síbí wà, Mọ́mì á dáhùn láì yíjú padà pé, "Ibi tó máa ń wà ni." Kì í ṣe pé inú ń bí Mọ́mì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá ohun gbogbo ṣe ni. Wọn ò rántí bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan lé ẹlòmíì lọ́wọ́ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mo gbọ́ ohùn Dádì.

"Ọ̀rẹ́ mi kan pè láti Àbújá. Iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún méjì péré. Ó ní kí n wá tó bá wù mí."

Mọ́mì ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Tó bá wù yín, ẹ lọ," ni wọ́n wí. "Ó ti mọ́ wa lára."

Èmi tí mo wà níta dúró pẹ́ lórí ìdúró. Mo fẹ́ kí wọ́n má lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ wọ́n dé ibi tí mo fi lè wọlé lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbéèrè mi lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí omi máa ń ṣe tó bá jábọ́ sínú omi. Gbogbo àwọn tí mo ti bi tẹ́lẹ̀ ló yára dá mi lóhùn. Dádì ká ìwé ìròyìn wọn, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n wò mí.

"Èmi náà kò mọ̀," wọ́n ní. "Jẹ́ ká wò ó."

Nígbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn sí ohun gbogbo. Rédíò bàjẹ́: jẹ́ ká wò ó. Ìgò gé mi lẹ́sẹ̀: jẹ́ ká wò ó. Wọn kì í kọ́kọ́ bínú, wọn kì í kọ́kọ́ gbàdúrà, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó ná.

Wọ́n tú ọ̀kan nínú àwọn páálí kọ́ńrídọ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà dúdú ńlá kan jáde. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé Dádì ní kámẹ́rà. Wọ́n ní tí àwọn bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, tí kò sì sí ẹni tí àwọn máa bá sọ̀rọ̀ nílé, àwọn á gbé e jáde, àwọn á máa ya ẹyẹ, òjò, àti bàtà àwọn tó ń kọjá. "Ìrọ̀lẹ́ Àbújá máa ń gùn." Ohun tí wọ́n fi kún un kò ju ìyẹn lọ.

Ẹnu ẹ̀rọ kíṣìnnì la ti kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú oòrùn tó wọlé. Fọ́tò tó jáde kò ju okùn funfun kan lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣú bàìbàì. Dádì fi hàn mí lójú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Omi yára ju ojú kámẹ́rà yìí lọ," wọ́n ní.

"Kí ló wá yára ju omi lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú wọn rẹ́rìn-ín nìyẹn. "Ìmọ́lẹ̀ ni. A máa wá ibi tó ṣókùnkùn. Ojú kámẹ́rà á ṣí nínú òkùnkùn, kò ní rí nǹkan kan. Fíláàṣì á wá tàn fìrí, á kú. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá bá lójú ọ̀nà nìkan ló máa wà nínú fọ́tò. Fíláàṣì ló máa mú omi fún wa, kì í ṣe kámẹ́rà."

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Pé òkùnkùn lè wúlò, n kò rò ó rí.

A dúró di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Mọ́mì lọ sọ́jà Agbójú, tí Àǹtí Yéwándé sì lọ fún ìdánrawò akọrin. Balùwẹ̀ wa kéré, fèrèsé rẹ̀ sì kéré sí i. Dádì ya páálí indomí, wọ́n fi dí fèrèsé náà. Wọ́n fi òwú so píọ̀ wọ́tà kan rọ̀ sára páìpù ṣáwà, páìpù tí omi kò tíì gba ẹnu rẹ̀ jáde láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu ìdí rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ rẹ̀ la gbé tíréè dúdú Mọ́mì sí, a bu omi kún un dé etí. Lẹ́yìn tíréè, mo gbé fáìlì ilé-ìwé mi dúró, aláwọ̀ búlúù. Wọ́n yọ fíláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà, wọ́n fi wáyà so ó pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n gbé e lé ìdí garawa tí a dà dé. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wà lórí àpótí ìjókòó. Wọ́n fi báírò kan dábùú ibi tí ẹ̀kán ń jábọ́ sí, wọ́n yí ojú kámẹ́rà títí lẹ́tà ara báírò náà fi hàn kedere, wọ́n wá yọ báírò kúrò.

"Ó kù ẹ́ kù ú," wọ́n ní. "Ẹ̀yìn mi kò ní jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ́. Ìwọ ni wàá máa tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ yá jù: tíréè lásán. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù: òbìrípo omi tó ti ń fẹ̀ lọ sí etí. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pàdánù. Nínú òkùnkùn yẹn, ojú kò wúlò, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ṣọ́ omi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń bọ́, mo ń gbọ́ àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, ìka mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. Dádì kì í sọ pé o kò ṣe é dáadáa. Wọ́n á kàn tẹjú mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọ́n á ní, "Ó ti ń sún mọ́."

Ó wá ṣẹlẹ̀. Fíláàṣì bù yẹ̀rì, Dádì fà mí mọ́ra kí n wò ó. Láàárín tíréè, omi ti dìde dúró bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, orí òpó náà gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan tó mọ́lẹ̀ gaara. Kò jọ omi. Ó jọ nǹkan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, tí ẹnì kan fara balẹ̀ gbé síbẹ̀. Inú bọ́ọ̀lù yẹn gan-an, fáìlì búlúù mi wà níbẹ̀, ó dorí kodò.

Mo wo tíréè. Omi inú rẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Dádì, ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń ṣe báyìí?"

"Gbogbo ìgbà."

"Ní kíṣìnnì náà?"

"Ní kíṣìnnì, lójú títì, nínú gọ́tà. A kì í rí i ni."

Dádì wá ní tí a bá da mílíìkì sí omi, á ki díẹ̀, á sì hàn dáadáa. Mo sáré lọ mú agolo mílíìkì tí Mọ́mì fi pamọ́ fún tíì ọjọ́ Àìkú. A tún bẹ̀rẹ̀. Ara wa ti gbóná, a ń la òógùn, Dádì ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. A kò mọ̀ pé páálí ojú fèrèsé ti yẹ̀ ní apá kan.

Mọ́mì Ńkẹ̀chi, tí wọ́n ń gbé òkè wa, ń kó aṣọ wọn lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n rí i tí iná ń bù yẹ̀rì, yẹ̀rì, nínú balùwẹ̀ wa ní ọ̀sán gangan. Ní àdúgbò wa, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ iná ṣàwàdà; páìpù epo bẹntiróòlù kò jìnnà sí wa ní apá Abúlé Adó, gbogbo ìyá ló sì mọ ibi tí yèèpẹ̀ tí wọ́n fi ń paná wà. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń lu ilẹ̀kùn ìta wa.

"Daddy Yéwándé! Fire o! Light dey spark for una bathroom!"

Àsìkò yẹn gan-an ni Mọ́mì ń wọlé bọ̀ láti ọjà. Wọ́n gbọ́ iná, wọ́n sọ báàgì tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, ata àti tòmátò ń yí káàkiri, wọ́n sáré ṣílẹ̀kùn, wọ́n já wọ balùwẹ̀, Mọ́mì Ńkẹ̀chi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú garawa yèèpẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ọkọ wọn tó kúnlẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, èmi tí mílíìkì ti dé ìgúnpá, tíréè wọn, agolo mílíìkì wọn, àti píọ̀ wọ́tà tó ń kán lára páìpù ṣáwà.

Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Kí nìyí?" Mọ́mì ò ì tíì mí délẹ̀.

Dádì dìde bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà bá níbi tí kò yẹ kó wà. "Omi la fẹ́ wò," wọ́n ní.

"Omi." Mọ́mì wo wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Omi tí mo fi ọwọ́ ara mi sẹ́. Omi lẹ fẹ́ wò."

Mọ́mì Ńkẹ̀chi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé garawa yèèpẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, wọ́n wá lọ bá wa ṣa tòmátò nílẹ̀. Mọ́mì tiwa kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹnu wọn tó fẹ́ ṣí, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, nítorí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá: pé kí Dádì kúkú máa lọ. Dádì kò dúró gbọ́ ọ. Wọ́n gbé kámẹ́rà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n nà án sí wọn.

Mọ́mì gbà á. Wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n gbé e sún mọ́.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Nínú tíréè ẹ."

Mọ́mì wo tíréè. Wọ́n tún wo kámẹ́rà. "Irọ́ ni," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti rẹlẹ̀. Ìborí ọjà ṣì wà lórí wọn. "Ẹ tún un ṣe kí n rí i."

Mo fi páálí dí fèrèsé padà. Dádì kúnlẹ̀. Àyè kò sí ní balùwẹ̀ yẹn fún ẹni mẹ́ta, ìyẹn hàn sí gbogbo wa. Mọ́mì ká ìró wọn sókè díẹ̀. "Ẹ sún," wọ́n sọ fún Dádì. Dádì sún mọ́ ògiri, Mọ́mì sì jókòó lórí abọ́ ìfọṣọ tí a dà dé, èjìká wọn kan èjìká Dádì. Mo ti ilẹ̀kùn.

Èmi wà níwájú, ìka mi wà lórí kámẹ́rà, mo ń fetí sí omi. Àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn mi nínú òkùnkùn. Mọ́mì rọra sọ ọ̀rọ̀ kan, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an, Dádì sì fèsì. Mọ́mì tún sọ̀rọ̀, ó gùn díẹ̀. N kò gbọ́ ọ. Dádì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá. Ó sú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ni mo wí láì yíjú. "Ẹ kò jẹ́ kí n gbọ́ omi."

Wọ́n dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò yẹn ló dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀: omi funfun tó tò yíká bí adé, ẹ̀kán kékeré kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ẹnu rẹ̀. Ó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Festac títí di òní. Àwọn àlejò máa ń rò pé ìpolówó mílíìkì ni.

Dádì kò lọ sí Àbújá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn kò ní lè wá. Mọ́mì gbá kọ́ńrídọ̀, wọ́n sì kó àwọn páálí yẹn wọ yàrá fúnra wọn. Èmi gbà pé fọ́tò mi ló dá Dádì dúró. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo tilẹ̀ ń fi yangàn sí Àǹtí Yéwándé.

Ní ọjọ́ òní, fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìbàdàn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn lè mú kí omi máa jábọ́ jẹ́jẹ́ lójú ẹni, bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo lè ṣàlàyé fún wọn ìdí tí orí omi fi máa ń fà bí awọ, ìdí tí òpó yẹn fi ń dìde, àti ìdí tí nǹkan fi ń dorí kodò nínú ẹ̀kán. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nígbà náà ni mo ti mọ̀. Ohun tí n kò bìkítà fún nígbà náà ló wá ń jẹ mí lọ́kàn.

Kérésìmesì tó kọjá, mo bi Dádì pé kí ni Mọ́mì sọ fún wọn nínú balùwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti darúgbó, etí wọn kò já geere mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ èyí kíá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi orí júwe kíṣìnnì. "Lọ bi ẹni tó sọ ọ́."

Mo lọ. Mọ́mì ń gé ewébẹ̀. Mo béèrè bí mo ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn láti kékeré, pẹ̀lú èjìká lára férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi nínú òkùnkùn," ni wọ́n wí, "kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n sinmi. Á tẹ̀ lé wọn láti kíṣìnnì dé yàrá, á tún gbé fíláàṣì síbẹ̀. Èmi bú sẹ́rìn-ín, mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, mo ń bá wọn gé ewébẹ̀ lọ.